Bí Ẹ̀yáwó Ilé Bá Há Yín Mọ́ Báńkì Kan: Ìtọ́sọ́nà fún Onílé ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogí

Lọ́jọ́ tí ẹ tọwọ́ bọ ìwé ní báńkì, èlé náà lè jẹ́ 17% tàbí 19% lọ́dún. Ọdún méjì kọjá, owó tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù ga sí i. Nígbà tó yá, ó tún ga sí i. Ẹ lọ bá báńkì mìíràn tí èlé tirẹ̀ sàn díẹ̀, wọ́n ní àwọn kò lè gba gbèsè náà. Báyìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ kánsù àti oníṣòwò ṣe há, láti Kàbà dé Ìsánlú, láti Ìyàrà dé Ẹ̀gbẹ̀, títí kan àwọn ọmọ Okun, ìyẹn Yorùbá agbègbè yìí, tó kọ́lé sí Lókọ́jà. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé owó oṣù àwọn ni kò tó. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní agbègbè yìí, ohun tó ń dínà jù lọ ni ìwé ilẹ̀. Ilé dúró gbọn-in, àmọ́ ìwé tó gbé e dúró kò lè dé iwájú báńkì kejì kó má kọsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a ó fi pẹ́ lórí ìwé ilẹ̀ ju lórí ohunkóhun mìíràn lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó gbé èlé sókè. Báńkì Àpapọ̀, ìyẹn CBN, ní iye èlé kan tí gbogbo báńkì ń wò kí wọ́n tó dá iye tiwọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, 11.5% ni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà ó di 13%. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje 2023, ó ti di 18.75%, ó sì dé 27.5% ní oṣù Kọkànlá 2024. Oṣù Kẹsàn-án 2025 ni wọ́n tó dín in kù, tó di 27%. Bí CBN bá gbé tirẹ̀ sókè, báńkì kì í pẹ́ gbé tiyín sókè. Bó bá dín in kù, ẹni tó bá béèrè ni wọ́n ń dín in kù fún. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó máa wúlò nígbà tí a bá dé ibi lẹ́tà.

Ẹ mọ irú gbèsè tó wà lọ́rùn yín

Ẹ kọ lẹ́tà sí báńkì, ẹ má fi ẹnu lásán béèrè. Ìwé mẹ́rin lẹ fẹ́ gbà: ẹ̀dà ìwé ọ́fà (ìwé tí báńkì kọ àdéhùn ẹ̀yáwó sí) tí ẹ fọwọ́ sí, sítétìmẹ́ǹtì ẹ̀yáwó náà láti ọjọ́ kìíní, tábìlì tó ń fi hàn bí owó oṣooṣù ṣe pín sí èlé àti ojú owó (owó tí ẹ yá gan-an, láìka èlé), àti ẹ̀dà ìwé tí ẹ fi ilé dógò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà lẹ́tà tiyín, kí déètì wà lára rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

Nínú ìwé ọ́fà, gbólóhùn mẹ́ta lẹ ó wá. Àkọ́kọ́ ni èyí tó sọ bóyá èlé dúró sójú kan tàbí ó lè yí padà bí ọjà owó bá ṣe rí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí báńkì ìṣòwò tí kì í kọ ọ́ pé ó lè yí padà. Èkejì ni bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ fi tó yín létí kí wọ́n tó yí i. Bí ìwé bá sọ pé lẹ́tà ni, tí wọn kò sì kọ lẹ́tà kankan, ẹ ti rí ibi tí ẹ máa dì mú nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni ohun tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín bí ẹ bá san gbèsè tán kó tó tó àkókò. Bí iye yẹn bá ga, ó lè jẹ gbogbo èrè tí ẹ rò pé ẹ máa rí nínú gbígbé gbèsè lọ síbòmíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò èlé. Ọ̀nà méjì ló wà. Ní ti àkọ́kọ́, èlé ń wá lórí ohun tó ṣẹ́ kù nínú ojú owó. Ní ti èkejì, wọ́n ń ṣírò èlé lórí gbogbo owó tí ẹ yá ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ ti san ìdajì. Báńkì máíkírò àti àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fẹ́ràn ọ̀nà kejì yìí, ó sì ń tan ènìyàn jẹ. Ẹni tó yá mílíọ̀nù kan náírà fún oṣù 12 ní èlé 3% lóṣù lọ́nà yìí máa san ₦113,333 lóṣù. Lójú, 36% lọ́dún ni. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ lórí ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín gan-an, ó lé díẹ̀ ní 5% lóṣù, ìyẹn nǹkan bí 60% lọ́dún. Ẹ má fi irú èlé yìí wé ti báńkì kí ẹ tó yí méjèèjì sí ọ̀nà kan náà.

Ẹ jẹ́ ká fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ. Mílíọ̀nù 8 náírà, ọdún 10, èlé 28% lórí ohun tó ṣẹ́ kù: owó oṣooṣù máa jẹ́ nǹkan bí ₦199,000. Nínú owó oṣù àkọ́kọ́, èlé máa kó ₦186,700, nǹkan bí ₦12,500 péré ló sì máa bọ́ sórí ojú owó. Ìdí rèé tí ẹni tó ti ń san fún ọdún méjì fi máa ń rò pé báńkì jí òun lówó nígbà tó bá rí sítétìmẹ́ǹtì. Ojú owó kò tíì kúrò níbi tó wà ni. Gbèsè yẹn kan náà, bó bá jẹ́ 18% ni èlé rẹ̀, owó oṣooṣù ì bá jẹ́ nǹkan bí ₦144,000.

Ìwé ilẹ̀: ibi tí ọ̀nà ti ń dí

Báńkì tuntun kò ní san gbèsè yín fún báńkì àtijọ́ bí kò bá dá a lójú pé òun lè ta ilé náà bí ẹ kò bá san mọ́. Ojú yìí ni ó máa fi wo gbogbo ìwé yín. Ohun tí wọ́n sábà máa ń rí nìwọ̀nyí, pẹ̀lú bí a ṣe ń tún un ṣe.

Ìwé àdéhùn ẹbí nìkan ló wà. Èyí ló wọ́pọ̀ jù ní Yàgbà, Ìjùmú, Búnú àti Kàbà. Ẹ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí kan, wọ́n kọ ìwé, ẹlẹ́rìí mẹ́ta fọwọ́ sí i, ẹ gba rìsíìtì. Ìbéèrè lọ́yà báńkì ni pé: ta ló tà á? Bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ pé olórí ẹbí wà níbẹ̀, títà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá dá nìkan tà á láìjẹ́ pé àwọn àgbààgbà ẹbí fọwọ́ sí i, àwọn yẹn lè lọ sílé ẹjọ́ láti fagi lé e. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí lọ́yà kọ ìwé ìfẹsẹ̀múlẹ̀, kí olórí ẹbí àti aṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kí fọ́tò wọn wà lára rẹ̀. Ẹ bá wọn jókòó, ẹ gbé obì dání, ẹ ṣàlàyé pé kì í ṣe pé ẹ ń jà, ìwé lẹ fẹ́ kó pé. Ẹ tètè ṣe é nígbà tí àwọn tó ta ilẹ̀ náà fún yín ṣì wà láyé. Lẹ́yìn tí olórí ẹbí bá papò dà, ẹni tó bá gorí àlééfà lè ní òun kò mọ̀ nípa rẹ̀, owó ìfọwọ́sí á sì di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta.

Sọ́fè kò sí, tàbí ó ti gbó. Surveyor tó ní ìwé àṣẹ ni kó wọn ilẹ̀, kó ri òpó, kó sì fi ẹ̀dà sí ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀ ní Lókọ́jà. Ẹ béèrè nọ́ńbà tí wọ́n fi gba ẹ̀dà náà wọlé. Bí kò bá rí nọ́ńbà fún yín, iṣẹ́ kò tíì parí. Kí surveyor náà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilẹ̀ bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba gbà tàbí sínú ààlà ọ̀nà. Ààlà ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 45.7 láti àárín ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ilé tó kọjú sí títì ńlá ló wu ènìyàn jù láti kọ́, òun náà ni báńkì sì ń kọ̀ jù nítorí ààlà yìí.

Ìwé láti kánsù. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti fúnni ní ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò sí nínú ìlú ńlá. Ìwé gidi ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ báńkì kì í fi yá ènìyàn lówó tó pọ̀. C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tí gómìnà fọwọ́ sí, ni wọ́n ń wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìlànà C of O ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Lókọ́jà kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan báńkì tuntun, nítorí kì í tán kíákíá.

Ìwé ayé ìgbà Kwara. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, Kwara ni gbogbo agbègbè Okun wà. Nítorí náà, ilẹ̀ tí bàbá yín gba ìwé rẹ̀ ní 1980s lè ní fáìlì tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìlọrin. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ́kọ́ wá a ní Lókọ́jà. Bí kò bá sí níbẹ̀, kó wá a ní Ìlọrin, kó gba ẹ̀dà tí ìjọba jẹ́rìí sí, kó sì gbé e padà wá kí wọ́n lè ṣí fáìlì rẹ̀ níbí. Ẹ má sọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nù nítorí pé ó ti pọ́n.

Orúkọ kò bára mu. Ìwé ilẹ̀ ní orúkọ ìyáwó kí ó tó lọ ilé ọkọ, BVN àti NIN sì ní orúkọ ọkọ. Tàbí orúkọ Kristẹni wà nínú ọ̀kan, tí kò sí nínú èkejì. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ó máa ń dá fáìlì dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìwé ìbúra ní ilé ẹjọ́ gíga àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn ló ń yanjú rẹ̀. Bí ẹni tó ni ìwé bá ti kú, ìwé ìbúra kò tó. Ẹ ó gba ìwé àṣẹ àbójútó ogún ní ilé ẹjọ́ gíga.

Àṣẹ ìkọ́lé kò sí. Ayàwòrán ilé lè ya ilé bó ṣe wà, kí ẹ sì mú un lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú fún àṣẹ. Ẹ máa san owó ìtanràn díẹ̀. Kò burú.

Ẹ̀tàn kan wà níbí tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Òfin ilẹ̀ ní kí gómìnà fọwọ́ sí i kí ènìyàn tó fi ilẹ̀ dógò, ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní 1989 sì fi ìyẹn múlẹ̀. Látìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ fún onígbèsè pé bí báńkì kò bá gba ìfọwọ́sí gómìnà, gbèsè ti di òfo. Ẹ má gbà á. Nínú ìdájọ́ tó tẹ̀ lé e ní 1990s, ilé ẹjọ́ kan náà kọ̀ kí ẹni tó ti ná owó fi àṣìṣe tí òun náà lọ́wọ́ sí sá fún gbèsè. Ohun tí àìsí ìfọwọ́sí ń ṣe fún yín ni pé ó ń dènà yín láti kúrò, nítorí báńkì tuntun máa ní kí ẹ tún un ṣe.

Bí ojúlówó ìwé bá wà lọ́wọ́ báńkì àtijọ́, ẹ kọ̀wé pé ẹ fẹ́ sọ ìwé àdéhùn yín di C of O, kí wọ́n yọ̀ǹda ìwé náà fún lọ́yà tí àwọn fúnra wọn mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ohun ìdógò wọn lẹ ń mú lágbára sí i. Báńkì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kọ̀ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ bá báńkì tí ẹ wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀

Bí ìwé ilẹ̀ ti ń lọ lọ́wọ́, ẹ má jókòó. Èlé tí báńkì yín bá dín kù kò ní ná yín ní owó ìfọwọ́sí gómìnà tuntun tàbí owó adíyelé, ìyẹn ẹni tó ń díye lé ilé. Ẹ má retí pé máníjà ní Kàbà tàbí Ìsánlú lè dá a ṣe. Kò ní agbára yẹn. Orí-ọ́fíìsì ni ìpinnu ti ń wá. Iṣẹ́ máníjà ni láti gbé lẹ́tà yín lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rere tirẹ̀, nítorí náà ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì fún un ní ohun tó lè fi jà fún yín.

Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀yáwó sínú lẹ́tà, iye tó ṣẹ́ kù, iye èlé lọ́jọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti iye tó jẹ́ báyìí. Ẹ kọ oṣù mélòó lẹ ti san láìfi ọ̀kan ṣe. Ẹ kọ ọ́ pé CBN ti dín èlé tirẹ̀ kù, ẹ sì fi ẹ̀dà ìwé ọ́fà báńkì mìíràn kún un bí ẹ bá ti rí gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun kan tó ní iye: kí èlé kúrò ní 30%, kó di 25%, láti oṣù báyìí. Lẹ́tà tó kàn ń sọ pé ẹ ṣàánú wa kì í débì kan, nítorí kò sí ohun tí ìgbìmọ̀ báńkì ní orí-ọ́fíìsì lè fọwọ́ sí nínú rẹ̀.

Wọ́n lè dáhùn pé àwọn máa fi ọdún kún un kí owó oṣooṣù lè rọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó dúpẹ́. Mílíọ̀nù 8 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ní 28%, bí ẹ bá nà án láti ọdún 10 sí ọdún 15, owó oṣooṣù á kúrò ní ₦199,000 bọ́ sí nǹkan bí ₦189,700. Nítorí nǹkan bí ₦9,500 lóṣù, ẹ máa fi oṣù 60 kún un, gbogbo owó tí ẹ máa san á sì kúrò ní mílíọ̀nù 23.9 lọ sí mílíọ̀nù 34.1. Bí èlé bá ga tó báyìí, nína ọdún kì í ran onígbèsè lọ́wọ́. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò wọlé déédéé lè gbà á fún ìgbà díẹ̀ kí ilé má baà bọ́, àmọ́ kó mọ ohun tó ń rà.

Bí ọjọ́ 14 bá kọjá tí wọn kò dáhùn ẹjọ́ yín, tàbí tí ìdáhùn kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN, ní cpd@cbn.gov.ng. Ẹ fi lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀, sítétìmẹ́ǹtì àti ìwé ọ́fà ránṣẹ́. CBN kì í sábà pàṣẹ pé kí báńkì dín èlé kù. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n mú báńkì dá owó padà bó bá gbé èlé sókè láìfi tó yín létí bí ìwé àdéhùn ṣe sọ, tàbí bó bá yọ owó tí kò sí nínú àdéhùn.

Bí gbèsè ṣe ń ré kọjá láti báńkì kan sí èkejì

Ìdènà kan máa ń rú ènìyàn lójú. Báńkì àtijọ́ ní òun kò ní yọ̀ǹda ìwé ilé àfi tí òun bá gba owó òun pé. Báńkì tuntun ní òun kò ní san kọ́bọ̀ àfi tí ìwé ilé bá wà lọ́wọ́ òun. Ìwé ìdánilójú ló ń tú u: báńkì àtijọ́ kọ lẹ́tà sí báńkì tuntun pé lọ́jọ́ tí iye báyìí bá wọlé, òun máa kó ojúlówó ìwé àti ìwé ìtúsílẹ̀ (ìwé tó ń sọ pé ilé kò sí ní ìdógò mọ́) fún lọ́yà rẹ̀ láàárín ọjọ́ báyìí. Àwọn lọ́yà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń parí rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa béèrè fún lẹ́tà yẹn, nítorí báńkì àtijọ́ kò ní í rántí rẹ̀ fún yín.

Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ gba lẹ́tà iye àsanparí lọ́wọ́ báńkì àtijọ́, kó ní déètì tó máa parí. Èlé ń gorí gbèsè lójoojúmọ́. Bí báńkì tuntun bá san owó ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn déètì yẹn, ohun kékeré kan á ṣẹ́ kù, báńkì àtijọ́ á di ìwé mú nítorí rẹ̀, ẹ ó sì máa san èlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì. Ẹ tọ́jú owó díẹ̀ sọ́wọ́ láti dí ihò yẹn lọ́jọ́ náà gan-an.

Owó tí ẹ máa ná: adíyelé, lọ́yà, òǹtẹ̀ ìjọba, ìfọwọ́sí gómìnà, ìforúkọsílẹ̀ ìtúsílẹ̀ àti ìdógò tuntun, ìbánigbófò ilé, owó ìṣètò báńkì tuntun, àti ìtanràn àsantètè bó bá wà. Ẹ gba iye kọ̀ọ̀kan ní ìwé, ẹ rò ó pọ̀, ẹ fi iye tí ẹ máa rí fi pamọ́ lóṣù pín in. Ká ní mílíọ̀nù 6 ló ṣẹ́ kù, ọdún 8 ló kù, èlé sì ti 30% bọ́ sí 22%. Owó oṣooṣù á kúrò ní nǹkan bí ₦165,500 sí ₦133,300. Ẹ rí ₦32,200 lóṣù. Bí ìnáwó bá jẹ́ ₦450,000, oṣù 14 lẹ máa fi rí i padà, oṣù 82 tó kù sì jẹ́ èrè, bí èlé tuntun náà kò bá gòkè. Bí ìṣirò bá fi hàn pé ó máa gbà ju ìdajì iye ọdún tó kù lórí gbèsè lọ, ẹ fi owó yẹn san ojú owó níbi tí ẹ wà.

Adíyelé báńkì máa ń kọ iye méjì: iye ọjà, àti iye tí ilé máa mú wá bí wọ́n bá fi ipá tà á. Èyí kejì ni báńkì ń wò. Ilé yàrá mẹ́rin ní Mọ̀pà lè ná yín ní owó púpọ̀ láti kọ́, síbẹ̀ iye ìfipátà rẹ̀ á kéré nítorí olùrà kò pọ̀. Kì í ṣe ìwọ̀sí. Bí gbèsè bá ju ohun tí iye yẹn lè gbé, ẹ fi ilẹ̀ mìíràn tó ní ìwé kún un, tàbí ẹ san ojú owó sílẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Owó tí èlé rẹ̀ rọjú

Àjọ owó ilé, NHF, ti wà láti 1992, abẹ́ Federal Mortgage Bank ló wà. Ẹni tó ń dá 2.5% owó oṣù rẹ̀ sínú rẹ̀, tó ti dá a fún ó kéré tán oṣù mẹ́fà, lè béèrè fún ẹ̀yáwó ní 6%, ìsanpadà rẹ̀ sì lè tó ọdún 30. Ẹ yẹ páyìsílíìpù yín wò: bí wọ́n bá ń yọ NHF, ẹ béèrè nọ́ńbà yín, kí ẹ sì rí i pé owó náà dé àpò tiyín ní Federal Mortgage Bank, kò dúró sílé iṣẹ́. Ìṣòro kan wà: kíkọ́ ilé, rírà á àti títún un ṣe ni òfin dárúkọ. Ẹ má gbọ́kàn lé e pé wọ́n máa fi san gbèsè báńkì ìṣòwò. Ibi tó ti ń gbani ni ilé tí kò tíì parí, tí ènìyàn fẹ́ tún yá owó báńkì láti fi kan òrùlé. Dípò ìyẹn, ẹ lọ síbẹ̀.

MREIF ni owó ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń gba ọwọ́ àwọn báńkì pín ní 9.75%, ìsanpadà rẹ̀ sì lè tó ọdún 20. Ó dára, àmọ́ ẹni tó ń ra ilé ni wọ́n ṣètò rẹ̀ fún, C of O sì ni ìbéèrè àkọ́kọ́ níbẹ̀ náà.

Àwọn kan ń gbèrò láti fi owó ìfẹ̀yìntì pa gbèsè. Òfin gbà kí ẹni tó ti dá owó sínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fún oṣù 60 mú 25% níbẹ̀ fún owó ìdásí àkọ́kọ́ lórí ẹ̀yáwó ilé. Ìdásí àkọ́kọ́ nìkan ni. Kò sí fún ẹni tó ti ń san gbèsè lọ́wọ́.

Ojú owó lẹ máa lù

Bí gbogbo ilẹ̀kùn bá ṣì tì, èyí wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín. Lórí mílíọ̀nù 8 ní 28% yẹn, ẹni tó bá ń fi ₦20,000 kún owó oṣooṣù láti ìbẹ̀rẹ̀ máa parí ní nǹkan bí oṣù 83 dípò 120. Ó ti dá ohun tó lé ní mílíọ̀nù 5 àti ààbọ̀ sí. Ẹni tó ní oko kájú lè dúró di ìgbà tí kájú bá wọlé, láàárín oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún, kó san odindi iye kan lẹ́ẹ̀kan.

Àmọ́ ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé orí ojú owó ni kí wọ́n fi sí. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, owó náà lè jókòó sínú àkáǹtì títí wọ́n á fi yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó ń bọ̀, èlé kò sì ní dín kù rárá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gba sítétìmẹ́ǹtì, ẹ wò ó bóyá ojú owó ti sọ̀kalẹ̀, ẹ sì béèrè tábìlì tuntun.

Ẹ má yá owó lórí fóònù tàbí ní báńkì máíkírò láti fi san owó oṣooṣù ilé. Ẹ ti rí ìṣirò 60% lókè. Ẹ má sì dá sísan dúró láti fi halẹ̀ mọ́ báńkì. Láti oṣù Kẹjọ 2020, ìlànà GSI ti fún báńkì láyè láti fi BVN yọ owó ẹni tí kò san gbèsè nínú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì mìíràn. Àkọsílẹ̀ yín lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó ìtàn gbèsè jọ, bíi CRC àti FirstCentral, á bàjẹ́ pẹ̀lú, òun sì ni ìwé àkọ́kọ́ tí báńkì tuntun máa yẹ̀ wò. Bí ìwé ìdógò bá wà lábẹ́ èdìdì, báńkì lè ta ilé láìlọ sílé ẹjọ́. Òfin àtijọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lápá Àríwá ní kí wọ́n fúnni ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé ìdógò ló ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ wá a nínú tiyín. Bí ẹ bá rí i pé oṣù tó ń bọ̀ kò ní ṣeé san, ẹ kọ̀wé ṣáájú ọjọ́ náà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí gbèsè bá tán, yálà ẹ̀yin lẹ san án tàbí báńkì tuntun ló san án, ẹ gba lẹ́tà pé gbèsè ti parí, ojúlówó ìwé ilẹ̀, àti ìwé ìtúsílẹ̀ tó ní èdìdì báńkì. Kí lọ́yà gbé ìwé ìtúsílẹ̀ náà lọ forúkọ sílẹ̀ ní Lókọ́jà, kó sì tún wá orúkọ ilé náà wò nínú ìwé ìjọba láti rí i pé ìdógò ti kúrò lórí rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ gba ìròyìn gbèsè yín lọ́dọ̀ CRC tàbí FirstCentral. Bí gbèsè náà bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà ìparí ránṣẹ́ sí wọn àti sí báńkì lọ́jọ́ kan náà.